Àjọ Tí Ó Ń Fò: Hẹlikọ́pítà Aláwọ̀ Ìyeyè ti Yorkshire

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin olùtọ́jú arúgbó tí ẹ ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, tí ẹlòmíì nínú yín yóò sì tún wọṣẹ́ alẹ́ láìpẹ́, mo ti rí aṣọ iṣẹ́ lábẹ́ kóòtù yín. Ẹ kú ìfaradà.

Nígbà tí alága yín pè mí pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ ní Leeds níbí, ó ní òun fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí hẹlikọ́pítà aláwọ̀ ìyeyè tí ẹ máa ń rí tí ó ń balẹ̀ sórí òrùlé ilé ìwòsàn ńlá tó wà láàárín ìlú. Kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni pé ìjọba kọ́ ló ni ín? Ṣé òótọ́ ni pé owó tí àwọn ènìyàn ń jù sínú garawa níwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi ń ra epo sí i?" Mo ní òótọ́ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ wá ṣàlàyé ìyẹn fún wa, nítorí kò yé mi." Ìbéèrè alága ni mo wá dáhùn. Ìdáhùn náà yóò gbé wa lọ sí orí òkè, sí ẹnu garawa, sí ojú títì Èkó sí Ìbàdàn, kí a tó padà wá sí yàrá yìí.

Ẹ jẹ́ kí a mú àgbẹ̀ kan ní Swaledale, ní àríwá Yorkshire, láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta. Ó gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin gòkè lọ wo àwọn àgùntàn rẹ̀ tí wọ́n ń bímọ. Ilẹ̀ yọ̀, alùpùpù dojú dé, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láyà. Ọmọ rẹ̀ rí i láti ìsàlẹ̀, ó sáré dé ibẹ̀, ó pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ilẹ̀ yìí. Ẹni tó gbé fóònù ń béèrè ọ̀rọ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nínú yàrá ìṣàkóso áńbúláǹsì, páràmẹ́díìkì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa wo àwọn ìpè bí wọ́n ṣe ń wọlé, kí ó máa ṣa èyí tí ó tó hẹlikọ́pítà lára wọn. Iṣẹ́ ẹni yẹn kì í hàn nínú fọ́tò. Bẹ́ẹ̀ bí ó bá ṣì í yàn, hẹlikọ́pítà á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹsẹ̀ rọ́, àgbẹ̀ yìí á sì kú lórí òkè.

Ó yàn án. Ní ibùdó, awakọ̀, dókítà àti páràmẹ́díìkì fi ife tíì sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n ti gbéra. Hẹlikọ́pítà ń sáré tó nǹkan bí 150 máìlì láàárín wákàtí kan, kò mọ kọ́nà, kò mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ẹni tó bá ti wakọ̀ ní Swaledale rí mọ̀ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí: ògiri òkúta lápá ọ̀tún, ògiri òkúta lápá òsì, tírákítọ̀ níwájú, àgùntàn láàárín.

Bí wọ́n bá dé òkè náà, iṣẹ́ awakọ̀ ló kù. Ó ní láti yí ibẹ̀ po kí ó tó balẹ̀. Wáyà iná ló kọ́kọ́ ń wá, nítorí wáyà ni ọ̀tá hẹlikọ́pítà jùlọ, kì í sì hàn sí ojú títí a ó fi súnmọ́ ọn. Ó ń wo bí ilẹ̀ ṣe dagun sí, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, bóyá àgùntàn fẹ́ sá wọ abẹ́ rẹ̀. Irú hẹlikọ́pítà tí Yorkshire ń lò ni Airbus H145, ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀ wà nínú òrùka, kí ó má baà gé ènìyàn lórí, ilẹ̀kùn méjì sì ṣí lẹ́yìn, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè ti aláìsàn lórí ibùsùn rẹ̀ wọlé láti ẹ̀yìn. Ẹni tó ṣe é ti ronú nípa ẹni tí ń gbé aláìsàn nínú ẹrẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dúró níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò ni pé hẹlikọ́pítà wà láti gbé aláìsàn sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè. Ilé ìwòsàn ni hẹlikọ́pítà ń gbé wá bá aláìsàn. Dókítà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn lè kun àgbẹ̀ náà lóorun bí wọ́n ṣe ń kun ènìyàn lóorun nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, kí ó ki rọ́bà sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kí ẹ̀rọ máa bá a mí. Bí egungun ìhà bá ti dá ẹ̀dọ̀fóró lu, tí afẹ́fẹ́ há sínú àyà tí kò rí ọ̀nà jáde, tó wá ń fún ọkàn pọ̀, dókítà á la ìhà níbẹ̀ lórí koríko kí afẹ́fẹ́ náà lè jáde. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ ohun tí mò ń sọ: ẹni tí irú èyí bá ṣe, ìṣẹ́jú ló ní, kò ní wákàtí. Láti ọdún 2012 ni hẹlikọ́pítà ti London ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ dání, òun ló sì ṣáájú ní Britain. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, tó fi jẹ́ pé wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ sí ènìyàn lára létí títì. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìgbà mìíràn wà tí dókítà á wo aláìsàn, tí á ní kí áńbúláǹsì orí ilẹ̀ gbé e, òun á sì jókòó tì í títí dé ọ̀hún. Hẹlikọ́pítà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ná: ó ti mú ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ dé ibi tí kì bá tí dé.

Ọgbọ́n yìí kò pẹ́ láyé. R Adams Cowley, oníṣẹ́ abẹ kan ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, ló tẹnu mọ́ ọn pé wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìfarapa ńlá ni wákàtí wúrà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1970, hẹlikọ́pítà àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Maryland bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn tó farapa lọ bá irú oníṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Munich. Britain fà sẹ́yìn títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1987, nígbà tí Cornwall gbé tirẹ̀ dìde. Ìwọ̀ oòrùn gúúsù pátápátá ni Cornwall wà, òkun yí i ká lọ́nà mẹ́ta, ọ̀nà rẹ̀ tóóró, àlejò sì máa ń kún ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ jù, wọn kò sì dúró de London. London fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1989. Ní Devon, ìyá kan tí ìjàm̀bá ojú pópó pa ọmọ rẹ̀ ní ọdún 1986 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ. Ó gbà á ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Ní ọdún 1992, hẹlikọ́pítà Devon gbéra. Mo máa ń ronú nípa ìyá yẹn. Ọmọ rẹ̀ kò lè padà, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń ṣe é fún.

Yorkshire bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2000. Ilẹ̀ tó ń bójú tó fẹ̀ tó mílíọ̀nù 4 éékà, àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 5. Etíkun Whitby àti Scarborough wà nínú rẹ̀, àwọn òkè Dales àti Moors wà nínú rẹ̀, títì M62 tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kì í sùn lórí rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ibùdó méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan ní Nostell lẹ́bàá Wakefield, èkejì ní Topcliffe lẹ́bàá Thirsk, níbi tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú wà.

Láti ọdún 2012 ni ìdí pàtàkì mìíràn ti wọlé. Ọdún yẹn ni England yan àwọn ilé ìwòsàn díẹ̀ tí wọn yóò máa tọ́jú àwọn tó farapa gan-an, tí gbogbo oníṣẹ́ abẹ tó yẹ yóò wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Nínú Yorkshire, Leeds, Hull àti Sheffield ni. Middlesbrough wà lókè wọn. Ètò gidi ni. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ọ jù lè máà jẹ́ èyí tó yẹ ọ́ mọ́. Àgbẹ̀ wa ti Swaledale, Middlesbrough ló yẹ ẹ́, ìrìn nǹkan bí wákàtí kan sì ni lórí ilẹ̀. Lójú òfuurufú, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ètò tó kó àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jọ sí ojú kan ń fẹ́ ohun tó lè gé ọ̀nà kúrú, ẹgbẹ́ aláàánú ló sì mú nǹkan náà wá.

Ẹ ó rántí Richard Hammond, atọ́kùn ètò Top Gear lórí BBC. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, ó wa ọkọ̀ kan tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì bàálù sí, ní pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ ní Elvington lẹ́bàá York. Eré ọkọ̀ náà ju 280 máìlì ní wákàtí kan lọ nígbà tí táyà iwájú kan bẹ́. Ó tàkìtì, ó dorí kodò, ó fi orí Hammond wọ́ ilẹ̀. Hẹlikọ́pítà Yorkshire ló gbé e wá sí Leeds níbí pẹ̀lú ọpọlọ tó ṣèṣe. Ó yè é. Àwọn tó ń wo ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó fún ẹgbẹ́ hẹlikọ́pítà láti fi dúpẹ́, pọ́ún díẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, pọ́ún díẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì, títí ó fi kọjá 100,000 pọ́ún.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí láti fi hàn bí olókìkí ṣe lágbára tó. Ohun tó wú mi lórí nínú rẹ̀ yàtọ̀. Hẹlikọ́pítà tó gbé Hammond náà ni ì bá gbé àgbẹ̀ wa, òun náà ni ì bá gbé ọmọ Yorùbá tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri ní Bradford. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ta ni ọ́, kò sí ìwé owó tí yóò tẹ̀lé ọ délé. Àwọn tó ti dá owó sílẹ̀ kò mọ̀ ọ́, wọn kò sì ní mọ̀ ọ́ láé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká ka owó náà. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, iye tí ẹgbẹ́ yìí ń kéde ni 12,000 pọ́ún lójúmọ́, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.4 pọ́ún lọ́dún. Owó ńlá ni, ó sì ti ròkè sí i láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ pín in fún ènìyàn mílíọ̀nù 5. Kò tó pọ́ún kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún kan gbáko. Kódà bí ìnáwó bá di ìlọ́po méjì, kò lè tó pọ́ún méjì. Owó búrẹ́dì kan ni ọmọ Yorkshire fi lè ní hẹlikọ́pítà méjì.

Ibo ni owó búrẹ́dì yìí ti ń wọlé? Láti inú garawa, bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń ta àkàrà òyìnbó àti tíì nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Láti ara aṣọ àtijọ́ tí wọ́n ń kó jọ tà. Láti inú lọ́tìrì ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Láti ọwọ́ àwọn tó sáré eré ẹlẹ́mìí ẹṣin nítorí pé hẹlikọ́pítà gbé bàbá wọn. Láti inú ìwé ìhágún àwọn olóògbé pẹ̀lú, ìyẹn sì ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí ó wọ́pọ̀ níbí kí ènìyàn pín ogún fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tún yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ aláàánú. Bí ẹni tó ń san owó orí bá sì fi pọ́ún kan tọrẹ, tó buwọ́ lu ìwé pé òun ń san owó orí, ìjọba yóò fi pẹ́ńsì 25 kún un láti inú owó orí ẹni náà. Mo ti bá ọ̀pọ̀ nínú wa pàdé tí wọ́n ń fi owó tọrẹ láti bí ogún ọdún tí wọn kò buwọ́ lu ìwé yẹn rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa buwọ́ lù ú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, orúkọ kan wà tí àwa ń pe irú èyí, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ wa kí òyìnbó tó dé: àjọ. Gbogbo yín ló mọ Alájọ Ṣómólú, ọmọ Ìsọ́nyìn ní Ìjẹ̀bú, Alphaeus Táíwò Olúnáíkè. Wọ́n ní yóò gba owó lọ́wọ́ ìyálọ́jà tó pọ̀ lọ súà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kò ní kọ orúkọ sílẹ̀, bí oṣù bá sì parí, kò ní ṣi owó ẹnikẹ́ni kà. Títí dòní, bí orí ọmọ bá pé, a ní orí rẹ̀ pé bí Alájọ Ṣómólú. Ẹ wò ó dáadáa, orí pípé nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń gbé owó fún un. Ó ń dá a padà. Ìyálọ́jà tí kò mọ̀wé fi owó ọjà rẹ̀ lé e lọ́wọ́ nítorí pé oṣù tó kọjá, owó rẹ̀ pé.

Ibi tí ẹgbẹ́ hẹlikọ́pítà yìí fìdí múlẹ̀ sí nìyẹn. Ọdọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó bá tóbi gbọ́dọ̀ fi ìṣirò owó wọn ránṣẹ́ sí àjọ tí ń ṣàbójútó wọn ní England àti Wales, ẹnikẹ́ni nínú yàrá yìí sì lè ṣí i wò lórí fóònù rẹ̀ lálẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tí wọ́n ń san fún àwọn ọ̀gá àgbà lápapọ̀. Ohun kejì ni pé hẹlikọ́pítà náà ń fò lókè orí àwọn tó ń dá owó náà. Obìnrin tó fi pọ́ún méjì sínú garawa ní Skipton lọ́jọ́ Ẹtì lè gbọ́ ariwo rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí ó gbójú sókè, kí ó wí fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé, tiwa nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ létí mi. Wọn kì í sọ pé tìjọba nìyẹn.

Alága, mo mọ̀ pé èyí kò tíì parí ìbéèrè rẹ. O fẹ́ mọ ìdí tí orílẹ̀-èdè tó lówó báyìí, tó ń tọ́jú aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1948, fi jẹ́ kí irú iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé garawa. Àwọn kan ń bínú sí i, mi ò sì lè ní wọ́n jẹ̀bi. Ní Scotland, ìjọba ní hẹlikọ́pítà tirẹ̀ nínú ètò áńbúláǹsì, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ aláàánú kan tún dìde níbẹ̀ ní ọdún 2013 láti fi tiwọn kún un. Ní Northern Ireland, kò sí rárá títí di ọdún 2017. Dókítà kan níbẹ̀, John Hinds, tí ń gun alùpùpù tẹ̀lé àwọn eléré ìje alùpùpù láti tọ́jú wọn bí wọ́n bá ṣubú, ló fi ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ jà fún hẹlikọ́pítà. Ìjàm̀bá alùpùpù náà ló pa á, ní oṣù Keje ọdún 2015. Àwọn ará ìlú kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, hẹlikọ́pítà gbéra.

Níhìn-ín, ìjọba ń ṣe díẹ̀. Àwọn páràmẹ́díìkì Yorkshire wá láti ara áńbúláǹsì ìjọba. Nínú ètò ìṣúná ọdún 2014, ìjọba gbà láti mú owó orí ọjà kúrò lórí epo tí àwọn hẹlikọ́pítà wọ̀nyí ń rà. Ilé ìwòsàn tó gba aláìsàn lọ́wọ́ wọn, tìjọba ni. Èrò tèmi ni pé ó dára kí hẹlikọ́pítà wà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, nítorí ohun tí ìjọba fún ọ lónìí, mínísítà tó bá dé lọ́la lè gé e kúrò, ṣùgbọ́n ta ni yóò gé garawa ìyá àgbà ní Skipton? N kò ní purọ́ fún yín pé kò ní ewu. Nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo ìlú pa ní ọdún 2020, ṣọ́ọ̀bù aláàánú tì, eré ìje dúró, tíì nínú gbọ̀ngàn ìjọ dúró, bẹ́ẹ̀ epo hẹlikọ́pítà kò dúró. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní owó ìpamọ́ lè wó lulẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ìlú tó bá sì tálákà, garawa rẹ̀ kì í kún.

Ọ̀rọ̀ ìlú tó tálákà yìí ló gbé mi délé. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, mo wà nínú bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Kò pẹ́ tí a kọjá Ògèrè, a bá ìjàm̀bá kan pàdé tí eruku rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé obìnrin kan lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, orí rẹ̀ ń fì dirodiro. Kò sí ẹni tó di ọrùn rẹ̀ mú. Àánú ló wà lójú wọn, wọn kò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe gbé e yẹn lè pa á. Wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn Píjò kan. Mo bá wọn lọ, nítorí n kò lè padà sínú bọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé béèrè ìwé ọlọ́pàá, wọ́n béèrè owó àsansílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jáde wá wò ó. A ń dá owó láàárín ara wa nígbà tí ó dákẹ́. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ìró owó tí a ń yọ nínú àpò wa ni mo rántí, àwa àlejò mẹ́fà tí a ń ka náírà lórí bónẹ́ẹ̀tì.

Láti ìgbà náà, òfin ti yí padà. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní kò sí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì nítorí ohunkóhun. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wà láti ọdún 1988, ilẹ̀ Yorùbá ló sì ti hù jáde, láti ara èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà tí Wọlé Ṣóyínká wà ní Ifẹ̀. Èkó ní áńbúláǹsì ìjọba láti ọdún 2001. Dókítà Ola Brown náà wà, tí orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ Orekunrin, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, tó kọ́ṣẹ́ dókítà ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Hull York, nínú Yorkshire yìí gan-an. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde kú nígbà tó ń rin ìrìn àjò ní Nàìjíríà, nítorí pé wọn kò rí bàálù tó lè gbé e kíákíá lọ síbi tó yẹ. Dókítà náà padà sílé, ó dá Flying Doctors sílẹ̀ ní Èkó. Iléeṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ aláàánú, ẹni tó bá lè san owó tàbí tí ẹlòmíì san fún ló ń gbé. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe lórí ilẹ̀ tó bá ló ṣe.

Ó ti tó ìgbà mẹ́ta tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní ilẹ̀ òyìnbó ti bi mí bóyá wọ́n lè dá owó ra hẹlikọ́pítà ránṣẹ́ sílé. Mo ní kí wọ́n má ṣe é. Wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ padà wo àgbẹ̀ Swaledale: ẹnì kan gbé fóònù, ẹnì kan yan ìpè, dókítà mọ iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ wà nínú fíríìjì, oníṣẹ́ abẹ ti wẹ ọwọ́ sílẹ̀ ní Middlesbrough. Hẹlikọ́pítà wà láàárín wọn ni. Bí ẹ bá mú un nìkan lọ sí ìlú tí kò ní èyí tó kù, yóò balẹ̀ sórí pápá ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọdé yóò pàtẹ́wọ́, yóò sì máa wá ẹni tí yóò gbé aláìsàn fún. Ẹ fi owó yẹn kọ́ àwọn awakọ̀ èrò àti ọlọ́kadà ojú títì yín bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tó farapa. Ẹ fi ra áńbúláǹsì orí ilẹ̀ kan tó ní ọ́síjìn, kí ẹ sì máa san owó oṣù awakọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀bùn wa ti máa ń kú. Ẹ fi ṣètò fíríìjì ẹ̀jẹ̀ sí ilé ìwòsàn kan ṣoṣo tó ṣeé fọkàn tán. Kí ẹ máa lẹ ìṣirò owó náà mọ́ ògiri ààfin lọ́dọọdún, kí ìyá aláta lè rí i. Ìlú tó bá ṣe ìyẹn fún ọdún mẹ́wàá láìjáwọ́, kó wá bá mi sọ̀rọ̀ hẹlikọ́pítà.

Ní ti ibi tí a wà yìí, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ìlú Leeds, ẹ wà lára mílíọ̀nù 5 náà. Ọmọ yín ń gun kẹ̀kẹ́ lórí títì yìí, ọkọ yín ń wakọ̀ akẹ́rù lórí M62 lóru. Ẹ máa fi owó sínú garawa, kí ẹ sì lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ pẹ̀lú. Ju ìdajì àwa ènìyàn dúdú lọ ló ní ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ro, èyí tí àwọn ọmọ wa tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde nílò jù. Nínú 100 àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní ilẹ̀ yìí, àwọn tó ní in kò tó 3. Òde àríyá yín tó kàn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó fún olórin, kí alága ìjókòó gbé garawa yí gbọ̀ngàn ká lẹ́ẹ̀kan péré.

Garawa ìyeyè kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé nírọ̀lẹ́ yìí. Mo ti fi tèmi síbẹ̀ kí n tó gun orí pèpéle. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń jáde lọ, ẹ má kọjá lára rẹ̀ lọ́wọ́ òfo.